Omi Tí Mo Ṣèlérí fún Mẹ̀dínátù

"Ìyáálé mi, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi wẹ̀ mí o. Ẹ mọ̀ pé èmi àti omi tútù kò rẹ́."

Bí mo ṣe gbọ́ ohùn Mẹ̀dínátù kẹ́yìn nìyẹn. Ó wà níbi tí ìjọba ń kó àwọn tó ní kòrónà sí, ní ìhà Abẹ́òkúta lọ́hùn-ún. Toheebat ọmọ rẹ̀ ló pè é, tó gbé fóònù sí mi létí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì ń já ẹ̀rín náà gbà mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo ní, "Panu mọ́, ìwọ ìyàwó yìí. Ta ló fẹ́ wẹ̀ ọ́? Ìwọ lo máa wẹ̀ mí."

Ó ní, "Ẹ ṣáà jẹ́ kí n rán yín létí."

Mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ fún un pé kó dá nǹkan atẹ́gùn yẹn padà sí imú. Fóònù sì dákẹ́.

Ọmọ Àjílété ni Mẹ̀dínátù. Àbúrò ọkọ mi ló fẹ́ ẹ, èmi ni ìyáálé, òun ni ìyàwó. Ọjọ́ tí wọ́n mú un wá sí agbo ilé wa ní Òkè-Ọ̀dàn, èmi ni wọ́n ní kí n da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Omi inú àmù ni, ìgbà ọyẹ́ sì ni. Bí omi ṣe kan ẹsẹ̀ rẹ̀ báyìí, ó fò sókè, ó ní, "Ìyáálé, omi yìí mà tutù o!" Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó tí kò tíì wọlé, tó ti ń ṣàròyé omi! Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Gàrí la jọ ń yan. A jọ ń bó ẹ̀gẹ́, a jọ ń lọ̀ ọ́, èéfín kan náà ló sọ ojú àwa méjèèjì di pupa. Kò sí ohun tí Mẹ̀dínátù kì í bá sọ̀rọ̀. Á bá iná sọ̀rọ̀, á bú agbada tí gàrí bá lẹ̀ mọ́, á bẹ òjò pé kó jọ̀ọ́ ní sùúrù. Ó sì ń bá òkú sọ̀rọ̀.

Ìyá ọkọ wa ló kọ́ wa ní òkú wíwẹ̀. Lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí, obìnrin ló ń wẹ obìnrin, a kì í sì í dá a ṣe. Ẹnì kan á máa da omi, ẹnì kejì á máa fi ọwọ́ wẹ̀ lábẹ́ aṣọ tí a ta bo òkú. Ohun tí ojú bá rí lára òkú, ẹnu kò gbọdọ̀ gbé e jáde. Èmi ni mo ń da omi. Ọwọ́ Mẹ̀dínátù ló ń wẹ̀. Ó ṣòro kí obìnrin Mùsùlùmí kan kú ní àdúgbò wa kó má kọjá lọ́wọ́ àwa méjèèjì.

Ọjọ́ tí a wẹ Ìyá Ọmọ́délé, obìnrin tó bá Mẹ̀dínátù jà títí nítorí omi ẹ̀gẹ́ tó ń ṣàn lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, Mẹ̀dínátù rọra gbé apá òkú náà, ó ní, "Ẹ gbé apá fún mi, Màmá. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọwọ́ mi kò ní kàn yín láyé! Ó mà kàn yín náà. Ẹ má bínú, mi ò ní pẹ́." Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

A ti bá ara wa sọ ọ́ tipẹ́: ẹni tó bá gbẹ̀yìn ni yóò wẹ ẹni tó ṣáájú. Ó ti ra aṣọ ìsìnkú funfun tirẹ̀, ó kó òwú àti káfúrà tí a ń fi sí òkú lára tì í nínú àpótí. Bí ẹlòmíràn ṣe ń fi aṣọ ọdún hanni ló ṣe fi hàn mí.

Nígbà tí kòrónà dé, bí ìjà ilé onílé ni a ṣe ń gbọ́ ọ lórí rédíò. Ìlaròó nìkan ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò. Ó wá di pé ìjọba ní àwọn yóò mú un dé ìlú kéékèèké, kí gbogbo èèyàn lè ṣe é. Ọkọ̀ kan wọ Òkè-Ọ̀dàn pẹ̀lú gbohùngbohùn lórí: "Ọ̀fẹ́ ni o! Kò dunni o! Ẹ wá sí ọgbà ilé ìwé!"

Ọdúnayọ̀ ọlọ́kadà, tó ń bá wa gbé ẹ̀gẹ́ láti oko, jókòó sórí ọ̀kadà rẹ̀ lẹ́nu ilé gàrí. Ó ní, "Ẹ gbọ́ wọn? Ìjọba tí kò fún wa lómi ọ̀fẹ́, igi tí wọ́n ń tì bọ imú ló wá ń pín lọ́fẹ̀ẹ́."

Bámikẹ́, tó ń bá wa bó ẹ̀gẹ́, ní, "Wọ́n ní igi yẹn ń wọlé títí dé ọpọlọ ni o."

"Tìrẹ kọ́," Mẹ̀dínátù dá a lóhùn. "Kí ni yóò bá níbẹ̀?"

Bámikẹ́ ju èèpo ẹ̀gẹ́ lù ú. A rẹ́rìn-ín títí.

Ọdúnayọ̀ wá ní, "Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹni tí wọ́n bá bá àrùn yìí lára rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ. Tó bá kú síbẹ̀, inú ọ̀rá ni wọ́n ń dì í sí. Wọn kì í wẹ̀ ẹ́. Ará ilé kò ní fojú kàn án."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa. Ọwọ́ Mẹ̀dínátù dúró lórí agbada.

Ohun tó lé Òkè-Ọ̀dàn sá nìyẹn. Àwọn tó wá láti Ìlaròó rò pé igi imú là ń bẹ̀rù. Wọ́n ní a ò lajú. Ìsìnkú là ń bẹ̀rù. Làwọn èèyàn bá ń wúkọ́ sínú aṣọ. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, wọ́n á tì í mọ́ yàrá, wọ́n á ní ibà ni. Tó bá kú, ibà ló pa á, a ó sì wẹ̀ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé òkú obìnrin kan dé láti Èkó, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ní ibà ló pa á. Mo da omi, Mẹ̀dínátù wẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ sí i, à ń yan gàrí lọ́sàn-án, gàrí ń jó níwájú rẹ̀, èéfín dúdú ń rú, ó sì ń rò ó lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Mo kígbe, "Ṣé o ò gbóòórùn ni?" Ó tẹ orí wọ inú agbada, ó fa imú. Ó wò mí. Rédíò ti sọ pé ẹni tí kòrónà bá mú kì í gbóòórùn mọ́.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n wá pè wá pé obìnrin kan kú lẹ́yìn mọ́sálásí. Mẹ̀dínátù ní òun ò lọ, àfi tí òun bá ṣe àyẹ̀wò ná.

Mo dì í lọ́wọ́ mú. "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gbé ọ lọ ni?"

"Ìyáálé, tí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán, àwọn ọmọ rẹ̀ á dì mọ́ mi, wọ́n á máa sunkún sí mi láyà. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kí ni mo fẹ́ fún wọn mú relé?"

"Tí wọ́n bá wá bá a lára rẹ ńkọ́? Ìwọ náà gbọ́ ohun tí Ọdúnayọ̀ sọ."

Ó ní, "Ẹ̀yin ni ẹ máa wá wẹ̀ mí níbi tí mo bá wà."

Mo ní, "Màá wá."

Ó gba ojú títì lọ sí ọgbà ilé ìwé lọ́sàn-án gangan, àwọn èèyàn ń yọjú wò ó lójú fèrèsé. Wọ́n bá a lára rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wá gbé e, tí àwọn tó wọ aṣọ funfun látorí dé ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, fúnra rẹ̀ ló rìn wọ inú ọkọ̀, ó gbé kẹ́tùlù àlùwàlá rẹ̀ dání. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn ilé pé, "Kòrónà ń lọ o!" Mẹ̀dínátù dá a lóhùn, "Tí mo bá dé, ilé rẹ ni mo máa kọ́kọ́ yà!"

Kò dé mọ́. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn, Toheebat wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ní wọ́n pe òun pé ìyá òun ti kú. Mo gbé omi kaná. Mo fi ìka wò ó títí ó fi lọ́ dáadáa, mo rọ ọ́ sínú fúláàsì, mo gbé aṣọ funfun rẹ̀ sórí itan, a wọ ọkọ̀.

Ẹni tó wà lẹ́nu géètì níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní, "Màmá, ẹ dákun, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọlé. Wọ́n ti dì wọ́n sínú ọ̀rá." Wọ́n ní ààfáà kan ti fi erùpẹ̀ rọ́pò omi, tó fi pa orí ọ̀rá náà. Wọ́n sin ín síbẹ̀. Toheebat nìkan ni wọ́n gbà láyè kó dúró lókèèrè. Nígbà tí mo délé, mo ṣí fúláàsì. Omi náà ṣì lọ́.

Àwọn aláyẹ̀wò tún padà wá. Ẹnikẹ́ni kò yọjú sí wọn. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹnì kejì lọ, ohun tí yóò sọ ni pé, "Kí n wá lọ bíi ti Mẹ̀dínátù?" Èyí dùn mí ju pé wọn ò ra gàrí wa mọ́. Ẹni tó lọ nítorí tiwọn ni wọ́n fi ń dẹ́rù ba ara wọn.

Olúfúnmilọ́lá, nọ́ọ̀sì kékeré kan lára wọn, wá bá mi ní ilé gàrí. "Màmá, kí la ṣe fún ará ìlú yìí tí wọn ò fi wá?"

Mo ní, "Ọmọ mi, tí ẹ bá gbé wọn lọ, ta ni yóò wẹ̀ wọ́n?"

Ó ní, "Èmi náà ò mọ̀, Màmá."

Mo bá a lọ, ó ti igi bọ̀ mí nímú. Omijé bọ́ lójú mi, wọn ò sì bá nǹkan kan lára mi. Èmi nìkan ni wọ́n rí yẹ̀wò lọ́jọ́ náà. Wọ́n kó tábìlì wọn, wọ́n lọ.

Ààfáà Nàfíù, tó ń kírun fún wa, ti sọ fún mi pé erùpẹ̀ yẹn tó, pé Ọlọ́run ti gbà á. Mo gbà pé Ọlọ́run gbà á. Wọ́n ṣì ń pè mí láti wá da omi sí òkú, mo sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Aṣọ funfun náà ti padà sínú àpótí, pẹ̀lú òwú àti káfúrà.

Ẹsẹ̀ Mẹ̀dínátù ni mo da omi sí lọ́jọ́ tó wọlé wa, omi tútù. Ìyókù ara rẹ̀, mi ò wẹ̀ ẹ́.