Ohùn Tó Kù Lórí Àwo

Gbogbo aránṣọ àdúgbò ló mọ Bàbá Abẹ́rẹ́, nítorí òun ló ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ṣe. Bí ẹ̀rọ bá ń já òwú, abẹ́rẹ́ ni yóò kọ́kọ́ yọ wò, á ní, "Ẹ ti ni ín lára jù. Ẹrú yín ni?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ.

Olórin ni ìyàwó rẹ̀ kó tó fẹ́ ẹ. Àwo kan ṣoṣo ló ṣe, ẹgbẹ́ wọn sì tú ká kí àwo náà tó tà. Nígbà tí obìnrin náà kú, fọ́tò rẹ̀ ṣì wà lára ògiri, aṣọ rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí, ṣùgbọ́n inú àwo yẹn nìkan ni ohùn rẹ̀ kù sí. Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ ń gbé e sórí ẹ̀rọ giramafóònù àtijọ́ tó wà ní pálọ̀.

Ẹ̀rọ náà ti darúgbó. Bí obìnrin náà bá ti gbóhùn sókè báyìí, abẹ́rẹ́ á fò, á fi gbólóhùn kan sílẹ̀. Bàbá Abẹ́rẹ́ kò lè gbà kí ìkankan sọnù. Ó mú nọ́ọ̀tì irin kan nínú àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó fi òwú dè é mọ́ orí apá tó gbé abẹ́rẹ́ dání. Fífò dópin. Ọdún ń gorí ọdún, ohùn náà ń há sí i. Ẹ̀rọ ló ń dá lẹ́bi.

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi dùn nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ gbé ẹ̀rọ tuntun wá fún un, ojúlówó, tí apá rẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Àwo onífèrè kan ni ọmọ náà kọ́kọ́ fi dán an wò. Àfi bí ẹni pé ọkùnrin onífèrè jókòó sáàárín wọn. Wọ́n gbọ́ bí ìka rẹ̀ ṣe ń kan igi fèrè. Wọ́n gbọ́ atẹ́gùn ẹnu rẹ̀ kó tó di orin. Omi lé ròrò sójú bàbá.

"Gbé ìyá rẹ sí i."

"Ẹ jẹ́ kí èyí parí ná, Bàbá mi."

"Ṣé onífèrè ló bí ọ ni?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó gbé àwo ìyá rẹ̀ sí i. Jìtá dún ketekete. Ìgbà tó kan ìyá láti kọrin, ohun tó jáde dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá yanrìn. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó dáa kì í bani bo nǹkan.

Ọmọ gbé àwo náà síbi ìmọ́lẹ̀. Àwọn ìlà ibẹ̀ ti funfun bí eérú.

"Bàbá mi, kí lẹ gbé lé abẹ́rẹ́ tàtijọ́ yẹn?"

"Nọ́ọ̀tì."

"Nọ́ọ̀tì kẹ̀?"

"Ó ń fò ni. Mi ò fẹ́ kó fò." Ó fi ìka tọ́ ibi tí ìwúwo abẹ́rẹ́ ti ha àwo náà. "Áà, èmi ni mo dú u lọ́fun."

Ọmọ ní kó má ṣe gbé àwo náà sí ẹ̀rọ mọ́, kí ìwọ̀nba tó kù má baà lọ. Bàbá ní òun ti gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ kò tí ì délé rẹ̀ tí bàbá fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá inú àwo náà bí ẹni ń tú ilé tó jóná. Ibi tí ohùn ti ga ló bàjẹ́ jù. Níbì kan, níbi tí jìtá ti dákẹ́, obìnrin náà mí sínú kó tó kọrin. Èémí kan péré, tó mọ́ gaara, bíi ti ẹni tó jókòó tini.

Ibẹ̀ ló ń gbé abẹ́rẹ́ lé nírọ̀lẹ́ báyìí. Á gbọ́ èémí náà, á yára gbé abẹ́rẹ́ sókè kí yanrìn tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn aládùúgbò bi í bóyá ẹ̀rọ tuntun ti bàjẹ́ ni, torí wọn kò gbúròó orin mọ́. Ó ní kò ṣe nǹkan kan. Ó mọ̀ pé bó ti ń gbọ́ èémí náà ló ń bù ú jẹ. Kò lè ṣíwọ́.