Fíìdì Tí Mo Fi Sórí Fóònù Ìyá Mi

Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ìyá mi ti ń gbàdúrà fún pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Erijiyan kí n tó mọ ohun tó fà á. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń ṣí ìkànnì ṣọ́ọ̀ṣì náà lórí fóònù láti ka ẹsẹ Bíbélì ọjọ́ náà, àràárọ̀ náà sì ni ìpolówó oògùn agbára ọkùnrin máa ń yọ bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n rò pé pásítọ̀ ló ń tà á. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kàn fi àtàǹpàkò bo àwòrán náà, wọ́n á ka ohun tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì bẹ Ọlọ́run kó dá ìránṣẹ́ Rẹ̀ padà.

"Màámi, kì í ṣe pásítọ̀," ni mo sọ fún wọn. "Bùráúsà yín ni."

Mo ṣàlàyé pé bùráúsà ni ohun tí fóònù fi ń ṣí ìkànnì, pé oríṣiríṣi ló wà, àti pé èyí tó bá fóònù tiwọn wá láti ọjà kì í dá ìpolówó kankan dúró.

"Gbogbo àdúrà tí mo ti gbà ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wà níbẹ̀, pásítọ̀ á rí i lò.

Tíṣà ni mí ní Aramọkọ, mo sì fẹ́ràn kí àwọn èèyàn mọ̀ pé mo mọ nǹkan. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi dán bùráúsà mẹ́ta wò lórí fóònù tèmi, bí ẹni ń yan ìyàwó. Ọ̀kan yára, ṣùgbọ́n ó ń jẹ dátà. Èkejì kì í jẹ dátà, àmọ́ gbogbo àmì orí ọ̀rọ̀ Yorùbá ló ń sọ di àpótí kéékèèké. Ẹ̀kẹta ló dá ìpolówó dúró, tó ka èdè wa dáadáa, tó tún ní ààyè fún fíìdì. Fíìdì yìí gan-an ló wù mí jù. Dípò kí èèyàn máa lọ wo ìkànnì kọ̀ọ̀kan bóyá ohun tuntun wà níbẹ̀, á to àwọn tó fẹ́ jọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan; bí ọ̀kan bá ti gbé nǹkan tuntun jáde, fóònù á dún, ohun náà á sì ti wà níbẹ̀ fún kíkà.

Ní Sátidé, mo gbé e sórí fóònù ìyá mi. Ìkànnì méjì péré ni wọ́n fẹ́: ti ṣọ́ọ̀ṣì, àti èyí tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, nítorí kòkó tí wọ́n ń sá. Ǹ bá tẹ méjèèjì síbẹ̀ kí n sì jókòó jẹ́ẹ́. Ìmẹ́lẹ́ kò jẹ́. Mo ti fi méjèèjì sínú àkójọ tèmi nígbà tí mò ń dán bùráúsà wò, nítorí náà mo kó gbogbo àkójọ mi sórí fóònù wọn, mo wá ń yọ èyí tí kò kàn wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan: bọ́ọ̀lù, fíìmù, ọ̀rọ̀ àwọn tíṣà. Ibi tí mo dé nìyẹn tí wọ́n fi pè mí wá jẹ iyán. Mo jẹun, mo gba ọpẹ́, mo padà sí Aramọkọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nínú yàrá àwọn tíṣà, mo ṣí búlọ́ọ̀gì mi, ìkànnì tí mo dá sílẹ̀ fúnra mi, láti kọ nǹkan, mo sì rántí àkójọ tí mo kó sórí fóònù ìyá mi. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń kọ̀wé síbẹ̀ ní Yorùbá. Èmi nìkan ló ń tẹ̀ lé e, kí n lè mọ̀ bóyá fíìdì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà nínú àkójọ náà, mi ò sì tíì dé orí rẹ̀ nígbà tí iyán dé. Mo wo iye àwọn tó ń tẹ̀ lé mi. A ti di méjì, gbogbo ohun tí mo ti kọ rí ló sì wà níbẹ̀ fún kíkà.

Ta sì ni mò ń kọ̀wé nípa rẹ̀ láti ọdún mẹ́rin? Ìyá mi ni. Mo ti kọ ọ́ pé nínú ẹgbẹ́ akọrin, ohùn wọn máa ń dé ìparí orin kí orin tó dé. Mo ti kọ nípa agolo tí wọ́n ń kó ẹran pamọ́ sí lẹ́yìn àpò gààrí bí àlejò bá wọlé. Mo ti dárúkọ aládùúgbò tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbúròó rẹ̀, oorun á gbé wọn lójijì.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìyá mi kì í pariwo bí nǹkan bá dùn wọ́n. Wọ́n á kàn máa bọ̀wọ̀ fún ọ ni. Mo pè wọ́n lórí fóònù.

"Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ni wọ́n wí.

Mo ní mo kàn ní kí n kí wọn ni.

Nígbà tó di Sátidé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Erijiyan. Èrò mi ni kí n gba fóònù náà, kí n yọ búlọ́ọ̀gì mi kúrò, kí n wá máa bẹ̀bẹ̀. Wọn kò fún mi ní fóònù. Wọ́n gbé iyán síwájú mi, wọ́n lọ sẹ́yìn àpò gààrí, wọ́n sì gbé agolo ẹran wá sórí tábìlì.

"O kọ ọ́ pé agolo mílíìkì ni. Agolo bísíkíìtì ni. Bí o bá fẹ́ tú àṣírí ulé, tú u bó ṣe rí."

"Ẹ má bínú, Màámi."

"Ọ̀gá akọrin ló sì ní kí n máa ṣíwájú orin. O ò kọ ìyẹn. Jẹ uyán rẹ."

Mò ń jẹ ẹ́, mi ò lè gbójú sókè. Wọ́n wá ní, "Mo ka ti bàbá rẹ."

Mo ti gbàgbé ìyẹn. Ó wà lára àwọn ohun tí mo kọ́kọ́ kọ. Lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi, mò ń pín omi fún àlejò káàkiri, gbogbo èèyàn sì ń yìn mí pé mo ní ọkàn akin. Lọ́jọ́ kẹta, mo dúró lẹ́yìn kíláàsì, mo mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, mo sì sunkún títí aago fi lù. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

"Lọ́jọ́ usìnkú, mo ń wò ọ́ bí o ṣe ń pín omi," ni ìyá mi wí. "Mo ní ukú bàbá ọmọ yìí kò dùn ún. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bínú sí ọ nínú. Mo ń gbàdúrà lé e lórí. Ìwọ àti pásítọ̀."

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń jẹ iyán wọn, mi ò mọ̀. Ó dùn mí débi pé mo sunkún sórí ọbẹ̀, níwájú wọn lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n mú ẹran kan sí i fún mi láti inú agolo náà.

Nígbà tí mò ń lọ, mo bi wọ́n bóyá kí n yọ búlọ́ọ̀gì náà kúrò.

"Fi í síbẹ̀. Kọ òmíràn nípa bàbá rẹ."

Lọ́jọ́ Ajé, kí aago ilé ẹ̀kọ́ tó lù, mo kọ ọ́: bí bàbá mi ṣe máa ń gẹ fìlà pupa wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan bí wọ́n bá ń lọ sí oko kòkó. Mo gbé e jáde. Mi ò tíì dé kíláàsì tí fóònù mi fi dún.

"Ó ti dé," ni ìyá mi wí. Wọ́n fun imú wọn. "Fìlà yẹn kì í ṣe pupa. Búlúù ni."