Iná Pupa Ara Géèmù Wa

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọmọdé kì í mọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí lọ́jọ́ tí mo fi ẹ̀mú bàbá wa já iná pupa kékeré tó wà níwájú géèmù wa, mo sì mọ ohun tí mò ń ṣe dáadáa.

Olùkọ́ ni bàbá wa. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, ṣùgbọ́n Òṣogbo la gbé. Sátidé nìkan ni wọ́n gbà kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbá géèmù. Mo jí i gbá ní Wẹ́sìdé kan, iná lọ, mo sì gbàgbé láti pa á. Bàbá wọlé, iná dé, iná pupa ọ̀hún là yòò. Wọ́n nà wá. Ẹ̀gbọ́n mi ló jẹ ẹgba jù, torí nílé wa, àgbà ló ni ẹ̀bi.

Ìyẹn ni mo ṣe já iná náà dànù. Bí iná ilé bá tún lọ tó tún dé, kò ní sí ohun tó máa tú mi fó. Mo dán géèmù náà wò, ó ṣiṣẹ́ geere. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi.

Ní Sátidé, òun ló kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó tẹ̀ ẹ́, kò tàn. Kó tó tan tẹlifíṣọ̀n, bàbá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ìwọ lo bà á jẹ́?"

"Mi ò mọ̀, sà. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ ni."

Nílé tiwa, ohun tí iná rẹ̀ ò bá ti tàn, ó ti kú nìyẹn. Kò sẹ́ni tó tún un wò. Bàbá gbé géèmù sínú àpótí wọn, wọ́n tì í. Gbólóhùn kan péré ni ì bá gba ẹ̀gbọ́n mi sílẹ̀: ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi.

Nígbà tí táàmù parí, bàbá mú ẹ̀gbọ́n mi lọ sí abà ẹ̀gbọ́n tiwọn lẹ́bàá Iléṣà, nínú oko kòkó, pé kó lọ fi oko gbọ́n. Ìsinmi kan péré ni wọ́n pè é. Kò padà sílé ìwé mọ́. Èmi kàwé, mo di òṣìṣẹ́ ìjọba ní sẹkitéríàtì Àbẹ̀rẹ̀, mo ń gbé káàdì kọ́rùn wọ bọ́ọ̀sì láràárọ̀.

"Ọwọ́ mi ń ba nǹkan jẹ́," ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń wí. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ki fóònù bọ iná. Nígbà tí bàbá darúgbó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé, òun ló ń wẹ̀ wọ́n, síbẹ̀ wọn kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan rédíò wọn. Gbogbo wa máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Lẹ́yìn ikú bàbá, nígbà tí a ń pín ẹrù wọn, ẹ̀gbọ́n mi gbé géèmù náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní èmi ni mo fẹ́ràn rẹ̀.

Mo gbé e lọ bá atúnrédíòṣe kan nítòsí Ọjà Ọba. Ó tú u, ó ní, "Ọ̀gá, nǹkan kan ò ṣe géèmù yìí o. Wọ́n já iná rẹ̀ ni. Ẹ wo ojú ẹ̀mú. Ta ló ṣe irú èyí?"

Mo ní mi ò mọ̀. Pẹ̀lú ewú lórí, irọ́ náà tún jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́.

Ìtìjú ló jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ pé kí n fọwọ́ ara mi fi tuntun sí i. Iná náà ò ju hóró àgbàdo lọ. Ẹsẹ̀ méjì ló ní, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ, ọkùnrin náà sì ti kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá fi í sódì, kò ní tàn. Mo fi í sódì. Ó tún na irin gbígbóná tó fi ń jó wáyà pọ̀ sí mi, òjé yọ́, mo yí i padà. A tẹ̀ ẹ́, ó tàn. Mo kórìíra ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún bí mo ṣe rí i. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Temi ti ju ogún ọdún lọ, òtítọ́ kankan ò lé mi. Èmi ni mo wọkọ̀ lọ bá a ní abà.

Mo so géèmù mọ́ tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbọ́n mi, mo tẹ̀ ẹ́, iná pupa yọ, mo sì jẹ́wọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí kòkó tó ń sá wọlé ni. Ó wo iná náà pẹ́.

"Uná ẹ̀ nìkan lo já?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀ọ̀dá mi."

"Ó sì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ń ṣiṣẹ́."

"O mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Mo ń retí ìgbájú. Ì bá dùn mọ́ mi. Ó na ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tí a ní ó ń ba nǹkan jẹ́ yẹn, ó pa géèmù náà. Ó tún tàn án. Ó tún pa á. Nǹkan kan ò bàjẹ́. Ó wá nawọ́ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí a sin bàbá sí.

"Lọ sọ fún bàbá."

Mo jáde. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lójú fèrèsé, ó ń retí kí n sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu, mo pa á dé. Mo tún là á. Títí oòrùn fi kúrò lórí sìmẹ́ǹtì sàréè náà, ẹsẹ̀ ara mi ni mò ń wò.