Èèyàn Kan Péré Ni Orval Ń Wá

Bí tírákítọ̀ ẹnikẹ́ni bá kọṣẹ́ ní Pell Creek, Orval Kubicek ni wọ́n ń pè. Bí ilé bá ń jó, òun náà ni. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló fi ń jẹun. Èkejì, ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé lápá ibi tí à ń gbé ní Nebraska, kò sẹ́ni tó ń gba panápaná síṣẹ́ fún ìlú tí èèyàn rẹ̀ ò tó irínwó. Àwa ará ìlú ni panápaná ara wa. Bí fèrè orí òrùlé ilé ọkọ̀ iná, ìyẹn ọkọ̀ panápaná, bá ti dún, ẹni tó ń fá irùngbọ̀n á sáré jáde tòun ti ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí Orval di ọ̀gá panápaná ìlú, mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, mo sì wà nínú wọn. Mo ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó sọ pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Lóòótọ́ ló ń dùn mí, àmọ́ kò dùn tó bí mo ṣe wí. Ìdánrawò ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló sú mi. Orval ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Kò burú, Verlin. Ọjọ́ tára ẹ bá yá, o mọ ibi tá a wà."

Àwọn kan kú, àwọn kan kó lọ sí ìlú ńlá, àwọn mìíràn sì darúgbó. Àwọn tó wá kọ́lé sétí adágún rò pé wọ́n ń sanwó oṣù fún Orval ni. Nígbà tó fi máa pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó dájú pé yóò wà nílé lọ́sàn-án: Darlene Voss, obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìfìwéránṣẹ́.

Ní gbogbo ìgbà ìrúwé, Orval máa ń dín páńkéèkì fún gbogbo ìlú nílé ọkọ̀ iná, kó lè rí àwọn tó máa forúkọ sílẹ̀. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ibẹ̀ kún fọ́fọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, èèyàn mẹ́ta péré," ló wí, àwo ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. "Mẹ́ta tó máa ń wà nítòsí lọ́sàn-án."

Glenn Pruett tó ń gbé létí adágún rẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìkan tó ogún èèyàn, Orval! Jẹ́ káwọn ọ̀dọ́ ṣe é."

"Àwọn ọ̀dọ́ wo? Ta ló kù nílùú yìí tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún?"

"Fi wọ́n sílẹ̀," ni Darlene wí. "Bó bá kan ká jẹ páńkéèkì, ẹsẹ̀ wọn yá. Bó bá kan iṣẹ́, kálukú á di adití."

A rẹ́rìn-ín gan-an. A jẹun tán, a yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ dùn, a sì lọ sílé. Ẹnikẹ́ni ò forúkọ sílẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí atẹ́gùn le, iná ṣẹ́ yọ ní ilé ìdáná Tíṣà Iola Brandt. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni Tíṣà. Òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìwé kíkà. Ó ń sùn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́, ìbàdí rẹ̀ ò sì jẹ́ kó lè tètè rìn.

Mo wà lórí ẹ̀rọ ìkórè nínú oko àgbàdo mi, kò ju máìlì kan lọ síbẹ̀. Òjò máa rọ̀ lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ sì kù rẹpẹtẹ. Mo gbọ́ fèrè. Mo pa ẹ̀rọ, mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo rí èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Mo sọ fún ara mi pé ẹlòmíràn á lọ. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi jókòó síbẹ̀ kí n tó tún tan ẹ̀rọ.

Darlene ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa. Òun àti Orval péré ló dé ibẹ̀. Iná ti gba àtẹ̀gùn inú ilé, ojú fèrèsé nìkan ló kù. Ẹni méjì ló ń gbé àkàbà gígùn yẹn, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ dúró ti ẹ̀rọ omi àti rọ́bà tó ń fọ́n omi. Ẹni mẹ́ta nìyẹn.

"Tíṣà!" Orval ké. "Tíṣà Brandt, ẹ dá mi lóhùn!"

"Orval? Ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, mà! Ẹ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ níwájú fèrèsé! Àwọn tó kù ń bọ̀!"

Ó wo ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó ní kí Darlene fi omi sílẹ̀, kí wọ́n jọ gbé àkàbà. Wọ́n gbé e dúró, Orval sì gùn ún. Ó kù díẹ̀ kọ́wọ́ rẹ̀ kan fèrèsé nígbà tí iná tí kò sẹ́ni tó ń bomi pa á já jáde nísàlẹ̀, tó sì bo àkàbà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jó kó tó já bọ́. Ọkọ̀ iná Harmon, ìlú tó wà ní máìlì méjìlélógún sí wa, dé lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Èéfín ti pa Tíṣà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, a ń jẹun nínú gbọ̀ngàn ìjọ. Glenn ló la ẹnu. "Ohun tí ò yé mi ni pé ẹ dé ibẹ̀ kó tó kú. Kí ló dé tí ẹ ò yọ ọ́?"

Orval gbé ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ wé sórí tábìlì. "Ta ni ì bá di rọ́bà omi mú, Glenn? Ìwọ?"

"Mo wà níbi iṣẹ́."

"Mo mọ̀. Gbogbo yín wà níbi iṣẹ́. Ẹnì kan péré ni mò ń wá. Mo sọ fún obìnrin yẹn pé ẹ ń bọ̀. Mo parọ́ fún un, ó sì gbà mí gbọ́."

Ìyàwó mi ń wo ilẹ̀, nítorí ó mọ ibi tí mo wà lọ́jọ́ náà. Orval ní kí Darlene bá òun mú kọ́kọ́rọ́ ilé ọkọ̀ iná jáde lápò, kó fi í síwájú wa, Orval sì lọ.

Ẹnikẹ́ni ò mú un. Kí yìnyín ìgbà òtútù tó yọ́, wọ́n ti gbé ọkọ̀ náà fún ìlú mìíràn. Nítorí pé ìlú wa ò ní panápaná mọ́, owó adójútòfò ilé wa lọ sókè, ìyẹn sì làwọn èèyàn ń ráhùn lé lórí báyìí nídìí kọfí. Ti Tíṣà kọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Orval. Mo ti ń dá ọ̀rọ̀ náà sọ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo ní, "Orval, mo gbọ́ fèrè lọ́jọ́ yẹn."

Kò gbójú sókè lára ẹ́ńjìnnì. "Mo mọ̀. Mo rí eruku ẹ̀rọ ẹ láti orí àkàbà. Ó ti rọlẹ̀, mo ní Verlin ti ń bọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra."

Ó ń gbìyànjú láti mú nọ́ọ̀tì kékeré kan, àwọn ìka rẹ̀ tó jó ò ká mọ́. Mo na ọwọ́ láti bá a mú un.

"Fi sílẹ̀," ló wí. "Mo ti mọ bí mo ṣe ń dá a ṣe."