Ọ́ìlì Ẹni Méjì

Ìka méjì ni mẹkáníìkì fi tẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó ṣí sílẹ̀, ó nawọ́ sí ibi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí, ó tẹ tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré mọ́lẹ̀, ó sì yọwọ́. Irin náà gbéra, ó dúró ní agbedeméjì bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ lọ mú, kó tó padà sókè díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé o ti rí i báyìí?" ni ìyá tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ wí. Ọmọ rẹ̀ ló ń bá wí.

"Ó ṣáà padà," ni ọmọ náà fèsì.

Rọra ni gbogbo àdúgbò ń pe mẹkáníìkì yìí, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó máa ń sọ nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá di sípánà mú nítòsí rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Òun ló ń tọ́jú ọkọ̀ pupa yìí, ọkọ̀ eré oníjòókòó méjì tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò, láti ìgbà tí ọkọ ìyá ti rà á ní àlòkù. Awọnlẹ̀ ni ọkọ ìyá, Awọnlẹ̀ náà ni Rọra sì ń pè é títí tó fi kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń wa ọkọ̀ náà báyìí.

Ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ìyá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù ní ìkòríta, ọkọ̀ kò gbọ́. Eré ló ń sá lọ. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì bá ara rẹ̀ láàárín òdòdó aládùúgbò. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀, oníṣègùn eyín, ní ẹsẹ̀ ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin lè máa tẹ ohun tí ẹni tó ni ín kò rán an. Tí kì í bá sì ṣe ẹsẹ̀, a jẹ́ pé ọkọ̀ ló ti gbó: lónìí wáyà, lọ́la bíréèkì. Ó ti rí ẹni tó máa rà á. Lọ́la ni onítọ̀hún ń bọ̀. Láti ìgbà náà ni ìyá kò ti jẹun dáadáa.

Rọra ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tú wáyà tọ́tù kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ó tú u nísàlẹ̀, ó fà á jáde tòun ti èèpo rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sórí ìwé ìròyìn. Nígbà tó fa wáyà kúrò nínú èèpo, ńṣe ló ń jà. Dúdú ló jáde, ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí oje igi. Rọra gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nu ọwọ́, ó nù ún pẹ́.

Wáyà tó bá ọkọ̀ náà wá, irin nínú irin ni. Ọ́ìlì ló ń fẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, òun àti Awọnlẹ̀ ti pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí inú èèpo rẹ̀ jẹ́ ike, tó yẹ kó wà ní gbígbẹ. Tí ọ́ìlì bá débẹ̀, eruku á bá a jókòó, wáyà á sì há. Rọra mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíì. Àmọ́ ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, òun àti Awọnlẹ̀ á kán ọ́ìlì sí wáyà yìí, ọ̀kan á di ìgò mú, èkejì á di tọ́ọ̀ṣì, wọ́n á sì máa sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ pé kí wọ́n ṣíwọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó ń dá wá láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó ń kán ti ẹni méjì: tirẹ̀, àti ti Awọnlẹ̀.

Rọra ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ki wáyà tuntun bọ inú ihò rẹ̀, ó ní kí ìyá jókòó sínú ọkọ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Mà."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ yọsẹ̀."

Ó fi àlàfo tó tó èékánná sílẹ̀, ó dè é le. Irin padà sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọmọ náà ní ó dáa, ó ti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti gbó ti gbó náà ni.

Rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. "Dókítà, kò gbó débẹ̀. Ẹsẹ̀ màmá náà kọ́. Ọwọ́ mi ni."

Ó sọ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì náà fún wọn, kò yọ ti ẹni méjì sílẹ̀. Ọmọ náà ní a jẹ́ pé Rọra ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá òun. Rọra ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá mú wáyà àtijọ́ nílẹ̀, ó wò ó.

"Wákàtí méjì ni òun àti bàbá rẹ máa ń lò nídìí ọkọ̀ yìí," ló wí. "Èmi rò pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe."

Ó ní kí ọmọ rẹ̀ pe ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ pé kó má wulẹ̀ wá mọ́. Ọmọ náà wò ó, ó wo Rọra, ó mú fóònù jáde, ó sì lọ sí ẹ̀bá géètì.

"Ìwọ náà," ni ìyá wí, "máa bọ̀ ní ìparí ọdún. Fi ọ́ìlì sílé."

"Ẹ ṣé, Mà."

Ìyá ní kó wọ ọkọ̀ kí òun gbé e délé. Rọra ní aṣọ òun dọ̀tí. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó kọjá lára ọmọ náà tó ṣì ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù, ó yà sí ọ̀tún, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ.