Òrùka Wáyà Tó Ń Fún Rélùwéè Lọ́nà ní Pálọ̀ Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí. Mo fẹ́ ròyìn bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìtọ́jú lé bàbá mi kúrò nílé, tí mo sì rò pé oore ni mò ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Garki la wà nígbà yẹn, ní ìparí àwọn ọdún 1980, tí ọ̀pọ̀ ibi ní Abuja ṣì jẹ́ ilẹ̀ pupa àti ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán. Ẹni tó bá sọ láyé ìgbà náà pé òun gbọ́ ìró rélùwéè ní Abuja, ẹ bi í pé kí ló mu. Ṣùgbọ́n rélùwéè rìn ní pálọ̀ tèmi!

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀gá ìdíkọ̀ rélùwéè ni bàbá mi ní Ọ̀fà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí òyìnbó kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń padà sílùú rẹ̀, ó fún wọn ní ẹ́ńjìnnì rélùwéè kékeré kan tó ń fi iná mànàmáná rìn, tí gígùn rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, pẹ̀lú àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ń wọ́ tẹ̀lé e. Bàámi wá pákó ńlá méjì, wọ́n to ojú irin sórí rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ̀nà láti Ọ̀fà dé Òṣogbo síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ wọṣẹ́. Agolo mílíìkì ni táǹkì omi. Páálí ṣúgà ni ilé ìdíkọ̀ Òkúkù àti ti Ìkìrun. Igi ìṣáná ni wọ́n tò sábẹ́ irin, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Bàámi ní Èkó ni mo dàgbà sí nítorí ilé ìwé. Ìgbà ọlidé nìkan ni mo máa ń rí rélùwéè náà, ojú ẹ́ńjìnnì nìkan ni mo sì máa ń wò. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn.

Nígbà tí Màámi kú, Bàámi fi tapólì bo pákó náà, wọn ò sì ṣí i mọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣubú lẹ́yìnkùlé. Àárọ̀ ni wọ́n ṣubú o, ọ̀sán gangan ni aládùúgbò tó rí wọn nílẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́, mo ní ó tán, Bàámi ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n jiyàn, mo jiyàn jù wọ́n lọ. Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé etí mi kì í gbọ́ràn tí mo bá ti pinnu. Mo tún ní kí wọ́n gbé pákó rélùwéè náà sínú lọ́rí mọ́ ẹrù. Bàámi bi mí pé kí ni òkú ọkọ̀ fẹ́ ṣe fún arúgbó.

Mo tọ́jú wọn, ẹ gbà mí gbọ́. Mi ò jẹ́ kí wọ́n gbé abọ́ tí wọ́n fi jẹun. Tí wọ́n bá mú ìgbálẹ̀, mo gbà á. Tí ọkọ mi bá fẹ́ bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan nípa ilé tí à ń kọ́, mo ní kó má da àgbà láàmú, kó jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Wọ́n sì sinmi lóòótọ́. Wọ́n á gbé àga síwájú ilé láti àárọ̀, wọ́n á máa wo ojú ọ̀nà. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé kejì á fi Hausa kí wọn ní sànnu, wọ́n á dá a lóhùn ní yauwa, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ńkọ́? Wọ́n gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń fèsì. Gẹ̀ẹ́sì iṣẹ́ rélùwéè ni Bàámi gbọ́, ti àwọn ọmọ yìí yá jù fún wọn, wọ́n á wá máa wo ojú mi kí n túmọ̀ ohun tí ọmọ ọmọ wọn sọ.

Kò pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé tí òjò bá ti dá, àwọn á padà sí Ọ̀fà. Inú ilé òfìfo! Ẹ̀rù bà mí gan-an. Tí wọ́n bá tún ṣubú, ta ni yóò rí wọn?

Ìgbà yẹn ni mo rántí rélùwéè. Mo ní bí ara òkú ọkọ̀ yìí bá lè yá, bóyá ara ẹni tó ni ín náà á yá.

Ẹ̀yìn ilé ni mo ti ṣí tapólì náà ní ọjọ́ Sátidé kan. Ikán ti jẹ apá Ìkìrun tán pátápátá. Irin ti dógùn-ún. Mo fi sáńpépà àti kẹrosíìnì ha á títí ìka mi fi bó, ẹ má sì gbàgbé pé ìka yìí kan náà ni mo fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì! Ọ̀gá mi wo ọwọ́ mi ní ọjọ́ kan, ó bi mí bóyá mo ti di mẹkáníìkì. Mo ní rárá sà, rélùwéè ni mò ń tún ṣe. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ́ńjìnnì ni mo gbé lọ bá ọkùnrin ará Ìwó kan tó ń tún rédíò ṣe ní Area 1, Bàbá Rédíò là ń pè é. Ó tú u, ó fi ojú kan wò ó títí, ó ní àwọn wáyà inú rẹ̀ ti jóná ṣùgbọ́n òun á fi tuntun wé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ó fi ṣe é.

Òkè tó wà lẹ́bàá Òkúkù lórí pákó náà sì ti fọ́. Mo tẹ̀ lé ẹnìkejì mi ní ọ́fíìsì, tó jẹ́ ọmọ Ushafa, lọ sílùú wọn, àwọn ìyá tó ń mọ ìkòkò sì fún mi ní amọ̀. Wọ́n ní kó bi mí pé irú ìkòkò wo ni mo fẹ́ mọ. Mo ní òkè ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí mo fi wọ mọ́tò.

Bí mo ṣe ń tún un ṣe ni mò ń da pàǹtí nù. Òrùka wáyà kan wà láàárín àwọn ẹrù náà, kò tóbi ju ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọdé lọ, tí wọ́n so àpò awọ tín-ín-rín kan mọ́. Awọ náà ti rà. Mo gé e sọnù. Ṣùgbọ́n wáyà náà dára, mi ò sì fẹ́ fi ohun tó dára ṣòfò, mo bá fi gbé kànìnkànìn kọ́ ní balùwẹ̀. Mo tiẹ̀ yin ara mi.

Ó wá di ọjọ́ Àìkú kan, a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Mo to pákó méjèèjì pọ̀ ní pálọ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì. Mo fi Bàámi jókòó sí ìdí Ọ̀fà bí ọba, mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo tan iná. Ẹ́ńjìnnì náà gbọ̀n, ó dúró, ó tún gbọ̀n, ó sì gbéra!

Ó kúrò ní Ọ̀fà, ó kọjá Òkúkù, ó gba abẹ́ òkè amọ̀ mi, ó kọjá Ìkìrun, ó sì wọ Òṣogbo. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ọkọ mi ń pariwo orúkọ mi. Mo bojú wo Bàámi.

Wọ́n ti dìde. Wọ́n wọ yàrá wọn lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Kíṣìnnì ni mo ti sunkún, mo sì tún bínú. Mo sọ fún ọkọ mi pé aláìmoore ni bàbá arúgbó yìí. Ó ní kí n má sọ ohun tí màá fẹ́ kó padà sínú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Bàámi ti ń di àpótí wọn. Wọ́n ní Sátidé làwọn ń lọ.

Títí di Ọjọ́bọ̀, ẹ kú iṣẹ́ àti ẹ káàárọ̀ nìkan ló wà láàárín wa. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo kúnlẹ̀ níwájú wọn.

Mo ní, "Bàámi, kí ni mo ṣe?"

Wọ́n ní, "Ta ló fún un lọ́nà?"

Kò yé mi. Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ojú irin kan ṣoṣo ló wà láàárín ìdíkọ̀ sí ìdíkọ̀, rélùwéè tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ ò sì lè yà fún ara wọn. Nítorí náà, òrùka kan ṣoṣo ló wà fún ojú ọ̀nà náà. Ọ̀gá ìdíkọ̀ ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún awakọ̀. Awakọ̀ tí òrùka ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò lójú kan, ì báà jẹ́ gómìnà ló gbé, nítorí ẹni tí òrùka wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló mọ̀ pé ọ̀nà ṣófo.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orí pákó. Bàámi á jókòó ní Ọ̀fà, Màámi á jókòó ní Òṣogbo. Wọ́n á gbé òrùka lé kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn. Bí ọkọ̀ bá dé, Màámi á mú òrùka náà, àfi tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn ni wọ́n á tó dá a padà. Bàámi ní nígbà míì Màámi á mú un dání, wọ́n á ní ọ̀nà ò tíì ṣí, àfi kí Bàámi wá jẹun ná.

Wọ́n ní, "Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, kò sí ọkọ̀ tó kúrò ní Ọ̀fà níṣojú mi láìgbàṣẹ. O fi mí jókòó síbẹ̀, o sì jẹ́ kó lọ. Bí gbogbo ilé yìí ṣe ń lọ náà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ìgbálẹ̀ tí mò ń gbà, abọ́ tí mò ń gbé, ọ̀rọ̀ tí mi ò jẹ́ kí ọkọ mi bi wọ́n, gbogbo rẹ̀ dé bá mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ń tọ́jú bàbá mi bí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti parí láyé.

Ni mo bá bi wọ́n pé níbo ni òrùka náà wà. Wọ́n ní ó wà nínú ẹrù náà, wáyà ni, àpò awọ kékeré ló wà lára rẹ̀.

Yéè! Mo fò dìde, mo sáré wọ balùwẹ̀, mo tú kànìnkànìn kúrò lára òrùka, mo gbé e wá tòun ti ọṣẹ lára. Mo jẹ́wọ́ ohun tí mo fi ń ṣe.

Bàámi wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, o ti ń fi ẹ̀mí èrò wẹ̀ láti ọjọ́ yìí." Ẹ̀rín bá pa wọ́n. Ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí Màámi ti kú! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, Bàámi gé awọ lára bàtà àtijọ́ ọkọ mi, wọ́n rán àpò tuntun sí òrùka náà fúnra wọn. Wọ́n jókòó ní Ọ̀fà. Èmi lọ jókòó sí Òṣogbo, ní ipò Màámi. Bàámi gbé òrùka lé kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn, wọ́n ní ọ̀nà ṣí, wọ́n sì tan iná. Ọkọ̀ rọra ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo mú òrùka náà, a pa iná, a lọ jẹun.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n tú àpótí wọn? Rárá o! Ọmọ Ọ̀fà kì í jẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà kíákíá. Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n ti wọ agbádá, wọ́n dé fìlà, àpótí wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n ní kí ọkọ mi sin àwọn dé gáréèjì.

Mo ti pèsè ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo la ẹnu, ẹ̀bẹ̀ kọ́ ló jáde. Mo yọ òrùka náà nínú àpò ìró mi, mo gbé e sókè.

Mo ní, "Bàámi, ọ̀dọ̀ mi ni òrùka wà. Ọ̀nà ò tíì ṣí."

Wọ́n dúró. Wọ́n wo òrùka náà. Wọ́n wá ṣí fìlà, wọ́n jókòó sórí àpótí wọn.

Wọ́n ní, "Òfin ni òfin. Kí ni a ó jẹ?"

Wọ́n lo ọ̀pọ̀ ọdún lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò sì jókòó wo ojú ọ̀nà mọ́. Àwọn ni wọ́n ń bójú tó àwọn bíríkìlà níbi ilé tí à ń kọ́. Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Bàámi ṣòfin pé ẹni tí kò bá fi Yorùbá tọrọ ọ̀nà, ọkọ̀ rẹ̀ ò ní kúrò ní Ọ̀fà. Kò pé ọdún kan tí ẹnu wọn fi là.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Tí ẹ bá ń tọ́jú òbí, ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ máa bi wọ́n léèrè. Ẹ jẹ́ kí nǹkan kan wà nínú ilé tí kò lè gbéra àfi tí wọ́n bá fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ẹ gbà lọ́wọ́ àgbà kan rí tẹ́ ẹ rò pé ìtọ́jú ni? Ẹ sọ fún mi, mò ń ka gbogbo rẹ̀. Àbúrò mi obìnrin, tó ti wà nílé ọkọ tirẹ̀ nígbà yẹn, ni pákó rélùwéè náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mú òrùka. Lọ́jọ́ tí Bàámi máa lọ gan-an, àwọn ló na ọwọ́ sí mi pé kí n gbé e wá, mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé e fún wọn. Wọ́n dì í mú títí wọ́n fi sùn.