Aago Márùn-ún Ìrọ̀lẹ́ Tí Wọ́n Pè Ní Ìdájí

Ó di ọdún kọkànlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Lọ́kọ́ja kí wọ́n tó fún mi ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ, ẹ̀sùn inú rẹ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Èmi ni mò ń bójú tó ímeèlì ọ́fíìsì wa. Láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sídeè kan, bí mo ṣe tan kọ̀ǹpútà, mo bá lẹ́tà kan láti olú-iléeṣẹ́, pé kí á fi orúkọ àwọn tó máa lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ránṣẹ́ kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sídeè náà. Aago mẹ́jọ ti kọjá. Mo fi orúkọ ránṣẹ́ kíá, wọ́n ní ààyè ti kún.

Ọ̀gá mi gbọ́, ó wá dúró sẹ́yìn àga mi. Yorùbá Òkun bíi tèmi ni. Ó na ìka sí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà náà: Túsìdeè, 05:20.

"Láti ìdájí àná ni lẹ́tà yìí ti wọlé," ó ní. "Odindi ọjọ́ kan lẹ fi jókòó lé e."

Mo ní títí mo fi kúrò níbi iṣẹ́ láago mẹ́rin àná, kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ìwé ti wà lórí tábìlì mi pé mò ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ ìjọba. Èmi tí mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ láti àdúgbò Adánkólò, tí mo máa ń dé kí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ tó dé.

Mo lọ bá obìnrin Ígálà tó ń rí sí kọ̀ǹpútà wa. Ó bi mí pé ṣé àárọ̀ ni 05:20 yẹn àbí ìrọ̀lẹ́. N kò mọ̀. Ó ní ímeèlì kò ní aago tirẹ̀, bí wọ́n bá ṣe ṣètò aago kọ̀ǹpútà ló ṣe ń gbé e jáde, ẹni tó sì ṣètò tiwa ti yọ àmì àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ kúrò. Ó lọ síbi ètò aago, ó mú èyí tó ń kà dé mẹ́rìnlélógún, ó pa ímeèlì, ó tún un ṣí. 17:20 ló gbé wá. Nígbà yẹn, mo ti wà nílé, mò ń ṣa ẹ̀wà.

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gbé e tọ ọ̀gá lọ. Ó wò ó pẹ́, ó ní òun ti rí i, ó sì fa fáìlì mìíràn. Mo béèrè ohun tó máa ṣe sí ìwé tó kọ sí mi, tó ti wà nínú fáìlì mi. Ó ní kí n fi sílẹ̀, ta ló fẹ́ wo fáìlì yẹn.

"Èmi á máa wò ó, sà," mo ní. "Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀."

Ó ní olórí kunkun ni mí. Mo kọ èsì, mo so ìwé aago náà mọ́ ọn, mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó jù ú lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà nínú lẹ́tà onílà kan péré, kò sí "ẹ má bínú" níbẹ̀. Mo gbé e lọ síbi tí fáìlì wà fúnra mi, mo sì dúró ti akọ̀wé títí ó fi lu òǹtẹ̀ sí i.